Orin kí á tó sùn: ṣé ó ń ran oorun akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àbí ó ń lé e lọ?

Òǹkàwé Òru

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, oorun sì ti di ọ̀wọ́n fún mi. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí ni ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri: iṣẹ́ tí mi ò tíì fi sílẹ̀, orí ìwé tí mi ò tíì ṣí, ìbéèrè tí wọ́n lè bi wá. Ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí ojú mi tó lọ. Bó bá di àárọ̀, màá kàn jókòó sí kíláàsì ni, ohun tí olùkọ́ ń sọ kì í wọlé.

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní kí n máa gbọ́ orin kí n tó sùn, pé ohun tóun ń ṣe tóun fi ń sùn fọnfọn nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi mìíràn ní kí n má dán an wò, pé orin kì í jẹ́ kí ọpọlọ sinmi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, torí náà ni mo ṣe gbé e wá síbí. Irú orin wo? Fún ìṣẹ́jú mélòó? Ṣé íápíìsì dára? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Inú mi dùn pé o béèrè, nítorí ọ̀rọ̀ oorun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ mí lógún gan-an. Wọn kì í kà á sí nǹkan kan títí ara á fi dá wọn dúró.

Ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá kò purọ́. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Hungary, László Harmat, Johanna Takács àti Róbert Bódizs, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ 94 ni wọ́n kó jọ, ọjọ́ orí wọn wà láàárín 19 sí 28, gbogbo wọn ló sì ń ráhùn pé àwọn kì í rí oorun sùn dáadáa. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní ń gbọ́ orin kílásíkà tó rọra ń lọ fún ìṣẹ́jú 45 bí wọ́n bá fẹ́ sùn, lálaalẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìpín kejì ń gbọ́ ìwé tí ẹnì kan kà sórí ẹ̀rọ. Ìpín kẹta kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, oorun àwọn tó gbọ́ orin ti dára sí i ní ti gidi, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn náà sì ti dín kù. Ti àwọn ìpín méjì yòókù kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìpín kejì yẹn ni mo fẹ́ kí o fojú sí. Àwọn náà dùbúlẹ̀, àwọn náà dákẹ́, àwọn náà ń gbọ́ ohùn létí. Ká ní ìdùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nìkan ló ń mú oorun wá ni, ìbá ti ṣiṣẹ́ fún wọn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹnu ló fà á: bí ìtàn bá ti ń lọ, èèyàn á fẹ́ mọ ohun tó kàn. Orin jẹ́jẹ́ kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ṣe ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1989, ni wọ́n fi wọn oorun wọn. Ó ń bi èèyàn nípa oṣù kan tó kọjá: aago mélòó lo ń wọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń tó ìṣẹ́jú mélòó kí o tó sùn, ṣé o ń tají lóru, ṣé o ń lo oògùn oorun, ṣé o ń tòògbé lójú mọmọ. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 21, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti ìdánwò tiyín: bó bá ṣe ń pọ̀ ni oorun ń burú. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá 5, oorun rẹ̀ kò dára tó. Pittsburgh Sleep Quality Index ni orúkọ rẹ̀. Wá a kà, kí o sì kọ máàkì rẹ sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ orin, kí o lè mọ̀ bóyá nǹkan ń yí padà lóòótọ́.

Onílù Jẹ́jẹ́

Iṣẹ́ orin ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n gba ibi tèmi wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo orin ló yẹ orí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí àwọn olùwádìí oorun sábà máa ń lò ni orin tí ìlù rẹ̀ ń lọ ní 60 sí 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí kò jìnnà sí bí ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ṣe ń lù. O lè wọ̀n ọ́n fúnra rẹ. Wo aago, máa fi ìka ta tábìlì bí ìlù orin náà bá ṣe ń bọ̀, kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí o wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí o bá ka 16, 64 nìyẹn, ó dára. Bí o bá ka 30, ó ti di 120, orin ijó nìyẹn, fi í sílẹ̀ di ọ̀sán.

Lẹ́yìn èyí, gbọ́ orin náà tán lójú mọmọ kí o tó gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn orin kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bó bá dé àárín, ìlù á bú, fèrè á ké, ojú tó ti ń lọ á là. Èyí tí mo fẹ́ràn fún alẹ́ ni dùùrù tàbí gìtá nìkan, tí ohùn rẹ̀ ń rọra wọlé tó sì ń rọra jáde, tí kò sí ìgbà kankan tó ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ pe èèyàn dìde.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di òfin o. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Aarhus, ní Denmark, gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n fi yẹ orin tó lé ní 225,000 wò, orin tí àwọn èèyàn kó jọ sórí Spotify, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, láti máa fi sùn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í yára, ohùn rẹ̀ kì í ga, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n bá orin tó gbajúmọ̀, tó kún fún agbára, níbẹ̀. Ohun tó ń tu ẹnì kan lára lè máa yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọ̀, kí o wá máa wo bí ara rẹ ṣe ń gbà á.

Ìmọ́lẹ̀ Ojúmọ́

Ẹ̀gbọ́n Onílù, ẹ ṣé. Èmi ńkọ́, tí orin máa ń há sí lórí? Màá ti pa fóònù tipẹ́, ẹsẹ kan ṣoṣo nínú orin náà á ṣì máa yí po nínú ọpọlọ mi títí òru á fi jìn. Nígbà mìíràn, bí mo bá tají láàárín òru, ibi tó dúró sí ló ti máa tún bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ọpọlọ

Ìmọ́lẹ̀ Ojúmọ́, ìwọ nìkan kọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rẹ́ kejì tí Òǹkàwé Òru sọ ti ní òótọ́ lọ́wọ́.

Michael Scullin, olùwádìí oorun ní Yunifásítì Baylor ní ìpínlẹ̀ Texas, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2021 lórí orin tó ń há sí èèyàn lórí. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ wá sùn sí ilé ìwádìí wọn. Kí àwọn wọ̀nyí tó sùn, wọ́n fi àwọn orin tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí wọn létí: àwọn kan gbọ́ ọ bí olórin ṣe kọ ọ́, àwọn yòókù gbọ́ ohùn èlò rẹ̀ nìkan láìsí ọ̀rọ̀. Ó ṣòro fún àwọn tí orin náà há sí lórí láti sùn, wọ́n ń tají lóru, oorun wọn kò sì wọra tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò retí ni pé èyí tí kò lọ́rọ̀ ló há sí wọn lórí jù. Ó bọ́gbọ́n mu tí a bá rò ó: bí o bá mọ orin kan dunjú, tí wọ́n wá yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrò, ọpọlọ rẹ á máa kọ ọ̀rọ̀ náà kún un fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ní kí o gbọ́ orin aláìlọ́rọ̀, kí ó má jẹ́ orin tó ń jà nígboro tí wọ́n kàn yọ ohùn olórin kúrò nínú rẹ̀. Wá èyí tí o ò lè bá wọn kọ. Kí o sì dín orin ọ̀sán kù pẹ̀lú, nítorí orin tí o ti gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni yóò ṣáájú rẹ dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Òǹkàwé Òru, fún ọkàn tó ń rìn káàkiri, Scullin yìí kan náà ní ohun kan tí mo máa ń sọ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ní 2018, àwọn èèyàn rẹ̀ ní kí àwọn ọ̀dọ́ kan fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ohun tí wọ́n ní láti ṣe lọ́la àti lọ́jọ́ mélòó kan sí i sílẹ̀, kí àwọn mìíràn kọ ohun tí wọ́n ti ṣe parí. Àwọn tó kọ ti ọ̀la sùn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ṣáájú àwọn tó kọ ti àná. Bí wọ́n bá sì ṣe kọ ọ́ ní kíkún tó ni wọ́n ṣe ń yára sùn tó. Má kọ "kàwé" lásán. Kọ orí ìwé wo, ojú ewé wo, aago mélòó. Pa ìwé náà dé, gbé e sórí tábìlì, kí o wá ṣí orin rẹ.

Bọ̀dá Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ará, fóònù tí orin ń gbà wọlé ni tèmi. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní òun fẹ́ yan orin, ìfiránṣẹ́ á wọlé, á ní kí òun fèsì sí i lẹ́ẹ̀kan, aago méjì òru á lù. Ọ̀sán ni kí o ti ṣe àkójọ orin rẹ. Gbà á sínú fóònù, má ṣe máa gbọ́ ọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ìpolówó tó ń já wọlé láàárín orin méjì sábà máa ń pariwo ju orin lọ. Fi fóònù sí airplane mode. Lo táímà: ọ̀pọ̀ áàpù orin ló ní i, iPhone sì ní i nínú aago rẹ̀, níbi tí o ti lè ní kí ó dá orin dúró bí àkókò bá pé. Ṣàyẹ̀wò pé kò sí lórí àtúngbọ́, tí orin kan ṣoṣo á fi máa yí títí di àárọ̀. Lẹ́yìn náà, dojú fóònù dé.

Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ní ìwádìí kan tí Anne-Marie Chang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ìparí ọdún 2014, èèyàn 12 ka ìwé lórí ẹ̀rọ alámọ́lẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó sùn, fún alẹ́ márùn-ún, wọ́n sì ka ìwé orí bébà fún alẹ́ márùn-ún mìíràn. Ní ti ẹ̀rọ, ó pẹ́ kí wọ́n tó sùn, melatonin, ìyẹn èròjà tí ara fi ń mọ̀ pé alẹ́ ti lẹ́, dín kù lára wọn, ojú wọn kò sì tètè là dáadáa láàárọ̀. Etí ni a fi ń gbọ́ orin, kò yẹ kí ojú bá a ṣiṣẹ́.

Ti íápíìsì: bí o bá ní sípíkà kékeré, tí o sì dá yàrá gbé, sípíkà ló dára jù. Èyí tó ń wọnú ihò etí máa ń dun èèyàn bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì lè máa ti ìdọ̀tí etí wọnú. Okùn rẹ̀ lè lọ́ mọ́ni lọ́rùn lójú oorun. Jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá, wàá gbọ́ ọ. Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àgbàlagbà ni 80 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ń pariwo tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bó bá dé 90 dB, wákàtí mẹ́rin péré ló kù lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin lọ́sàn-án tó tún ń gbọ́ ọ lóru, àròpọ̀ méjèèjì ni kó kà. Ẹ má sì fi fóònù tó ń gba iná sábẹ́ ìrọ̀rí o. Ooru rẹ̀ kì í ríbi jáde.

Adákẹ́

Ní tèmi o, orin kò bá mi lára mu rárá, jẹ́jẹ́ ni àbí kíkan. Ìró fáànù ni mo fi ń sùn, bí kò bá sí i, ìdákẹ́jẹ́ ló tún dára. Mo sọ ọ́ kí ẹni tó bá dán orin wò tí kò ṣiṣẹ́ má baà rò pé òun ní àbùkù.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì, orin kì í kúrò létí rẹ̀, alẹ́ ni, ọ̀sán ni. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni kó má lọ di bárakú, kó wá di pé kò ní lè sùn lọ́jọ́ tí kò bá sí orin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Orin yàtọ̀ sí oògùn oorun, kò yẹ kí ó dẹ́rù bà yín tó bẹ́ẹ̀. Ní 2022, ẹgbẹ́ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kó ìwádìí 13 pọ̀ tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà tí kì í rí oorun sùn, èèyàn tó wà nínú gbogbo rẹ̀ lé ní 1,000. Ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń gbọ́ orin rí i pé oorun àwọn dára sí i, pẹ̀lú nǹkan bíi máàkì mẹ́ta tó dín nínú ìwé ìbéèrè Pittsburgh tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lórí bóyá ó ń jẹ́ kí èèyàn tètè sùn, ẹ̀rí ibẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ti bárakú tí ẹ sọ, táímà ni kó lò. Bí orin bá dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45, inú ìdákẹ́jẹ́ ni ọmọ á ti sun èyí tó pọ̀ jù nínú òru, bó bá sì tají, ara rẹ̀ ti mọ bí yàrá ṣe ń rí láìsí orin.

Ṣùgbọ́n mà, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń fi orin ṣe. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, èèyàn 651 ló dáhùn, 62 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì ní àwọn ń fi orin sùn. Àwọn kan ní ó ń mú ara wọn rọlẹ̀, àwọn kan ní ariwo ìta ni wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀, àwọn kan ní kí àwọn má baà máa ronú ni. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo máa ń fetí sí jù. Bí ọmọ bá ń fi orin sá fún ohun kan tó ń dá a lóró, ó yẹ kí ẹnì kan bá a sọ ohun náà. Ẹ má bá a jà lórí íápíìsì. Ẹ bá a jókòó.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Mo gbọ́ o, mo sì dúpẹ́. Màá pè é lópin ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń ká mi lára. Orin kò lè fi wákàtí kún oorun ẹni tó wọ bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́ta òru tó sì fẹ́ jí ní mẹ́fà. Ní 2015, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ó kéré tán, wákàtí méje ni àgbàlagbà nílò lóru. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sun wákàtí mẹ́ta tó ń wá orin tó dára jù ń fi àkókò ṣòfò, kì í ṣe orin ni ó ṣaláìní.

Ìdánwò ló ń dẹ́rù bà yín, mo mọ̀. Ohun tí o kà lọ́sàn-án, inú oorun ni ọpọlọ ti ń tò ó, pàápàá nígbà tí oorun bá wọra. Bí o bá fi òru kàwé tí o kò sùn, ohun tí o ń kó wọlé kò ríbi jókòó sí.

Ẹ tún wo kọfí. Ìwádìí kan ní 2013 fi hàn pé mílígíráàmù 400 kaféènì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun, ìyẹn bí ife kọfí ńlá méjì sí mẹ́rin, tí èèyàn mu ní wákàtí mẹ́fà kí ó tó sùn, gé oorun rẹ̀ kù ju wákàtí kan lọ. Wákàtí mẹ́fà o! Ẹni tó fẹ́ sùn ní mọ́kànlá alẹ́, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti pẹ́ jù fún un. Ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára náà, kaféènì ló wà nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́gbẹ́ Yàrá

Ẹ rántí àwa tí a kì í dá yàrá gbé. Orin tó ń mú ọ sùn lè máa jí ẹlòmíràn. Ẹ jọ fẹnu kò lórí aago tí iná á kú àti tí ohùn á rẹlẹ̀, kí ẹ sì ṣe é kí ìjà tó dé. Bí ẹnì kejì kò bá fẹ́ orin, íápíìsì kan péré létí òkè, ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀, tó fún ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ sùn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Láàbù, ẹ ṣeun. Ohun kan kù. Bí o bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tí orin kò mú ọ lọ, má dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí o máa bá oorun jà. Dìde, jókòó síbòmíràn nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò mọ́lẹ̀ jù, ṣe nǹkan tí kò gba agbára lára ẹni, padà bí ojú bá ń lọ. Bí àìróorunsùn bá ń ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tó sì ti tó oṣù mẹ́ta, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ orin, dókítà ló kàn. Ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń pè ní CBT-I, tí wọ́n fi ń tún èrò àti ìṣe ẹni nípa oorun ṣe, tí kò ní oògùn nínú, òun sì ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ́kọ́ lò láti 2016. Ẹni tó ń hanrun kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, kó tètè lọ. Ẹni tí ayé ti sú, kó má dúró de ọ̀la.

Òǹkàwé Òru

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ti ka ìwé ìbéèrè Pittsburgh náà: máàkì mi jẹ́ 11. Mo ti ta tábìlì títí mo fi rí àkójọ orin dùùrù kan tó ń lọ ní 66, tí mi ò gbọ́ rí. Mo ti gbà á sínú fóònù. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n máa pààrọ̀ orin lálaalẹ́ ni, àbí àkójọ kan náà ni kí n dúró tì?

Onílù Jẹ́jẹ́

Dúró ti àkójọ kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ara rẹ lè mọ̀ ọ́n mọ́ àkókò oorun. Jẹ́ kí orin inú rẹ̀ pọ̀ tó láti kún ìṣẹ́jú 45 láìtún ara wọn gbọ́, kí èyí tó rọ̀ jù wà ní ìparí. Má sì lo àwọn orin náà fún ìwé kíkà lọ́sàn-án. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, tún ìwé ìbéèrè yẹn kà, kí o wá sọ máàkì rẹ fún wa níbí.